Ọmọ mọ́kànlá, ìgò oògùn kan: ta ni kó máa san owó jẹ́lé-ó-sinmi?

ÌyáAnú_Ìbàdàn | Ọjọ́ Ajé, 10:12 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Abala àwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin náà kà á, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Anú pé oṣù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akọ̀wé ni mí nílé ìwòsàn aládàáni kan níhìn-ín, ₦82,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti fi bímọ, ìdajì owó oṣù sì ni wọ́n ń san láàárín ìgbà náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo lè máa gbé ọmọ sí. Èyí tó mọ́ díẹ̀ gba ₦35,000 lóṣù, láìka pampers, wàrà àti ₦10,000 fọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Èyí tí apá mi ká jẹ́ ₦18,000: yàrá kan lẹ́yìn ilé epo, ọmọ mọ́kànlá, obìnrin kan àti ọmọdébìnrin kan tí mi ò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ibẹ̀ ni mo gbé e sí. Kí ni ǹ bá ṣe?

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, iná lọ níbi iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n ní ká máa lọ. Aago kan ọ̀sán ni mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo bá níbẹ̀ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ọmọ mọ́kànlá, kò sí ọ̀kan tó ń ké. Wọ́n tò wọ́n sórí ẹní, orí gbogbo wọn sí ògiri. Mo gbé Anú, ọrùn rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mo fomi tútù kàn án lójú, ó la ojú, ó tún pa á dé. Ìgò oògùn ikọ́ kan wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ṣíbí nínú ife. Ó ti lọ sí ìdajì. Ọmọ mi ò húkọ́ o.

Nígbà tí mo bi obìnrin náà, kò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní, "Màmá Anú, ọwọ́ mi méjì ni." Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rè é. Ìjọba ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n ń kọ́ ọjà, wọ́n ń kọ́ gáréèjì. Ta ló wá sọ fún wọn pé ìgbà tí ọmọ bá tó wọ kíláàsì ló tó di ọmọ ìlú?

Bàbá_Ṣadé | 10:40 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá Anú. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Màmá tó bí yín ńkọ́? Àwọn ìyá wa bí mẹ́fà, wọ́n bí méje, wọn ò wá ìjọba kiri. Ojú mérin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Àwa la fọwọ́ ara wa tú agboolé ká, oníkálukú lọ há ara rẹ̀ mọ́ yàrá kan àti pálọ̀, ó wá ku kí gómìnà wá máa bá wa gbọ́mọ pọ̀n.

ÌyáÀgbà_Ẹlẹ́lùbọ́ | 11:25 àárọ̀

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Bẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Bàbá Ṣadé, èmi ni ìyá ọkọ tẹ́ ẹ ń béèrè. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kúrò nílé. Bí n kò bá tà, n kò ní jẹun, nítorí ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà kò tíì bọ́ ara rẹ̀ yó. Lọ́dún tó kọjá ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wá fún mi, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Mo tẹ́ aṣọ sínú páálí Indomie, mo gbé e sábẹ́ tábìlì níbi tí oòrùn ò dé. Inú páálí yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá. Lọ́jọ́ kan, mò ń wọn kóńgò fún oníbàárà, mò ń kà á sókè, "ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀jì, ẹ̀ẹ̀ta," n ó fi bojú wẹ̀yìn, páálí ti ṣófo. Ìdí táyà ọkọ̀ tó ń já iṣu la ti rí i, ó ń fọwọ́ gbá a bí ìlù. Dírẹ́bà ti jókòó sórí sítẹrín-ìn. Ẹni tó ń ru iṣu ló figbe ta.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀já so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo so ọmọ ọmọ mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ẹ bú mi.

Igba ojú tẹ́ ẹ wí yẹn, láyé àwọn ìyá wa, àwọn ọmọbìnrin tí wọn ò rán nílé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ló ń gbọ́mọ fún ẹni tó lọ sóko. Wọ́n ti wà nílé ìwé báyìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Òwe ò lè bá wa gbọ́mọ pọ̀n.

Dámi_Lẹ́kí | 12:03 ọ̀sán

Ẹ ò kàn wá ọmọ ọ̀dọ̀? Èmi gba ọmọ ọdún méjìlá kan, ará Kútọnu, ₦25,000 lóṣù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń wá gba owó náà. Ó ń gbọ́mọ, ó ń fọṣọ, ó ń gbálẹ̀. Wàhálà tán.

Ará_Sakété | 12:31 ọ̀sán

@Dámi_Lẹ́kí, Sakété ni wọ́n ti mú mi wá, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Yorùbá náà là ń sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tá a gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọ́n sì ní màá máa lọ sílé ìwé. Ọmọ méjì ni mo tọ́ l'Ékòó, mi ò dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń jí lóru, nítorí pé màdáámú fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mi ò rí owó kankan gbà. Ẹni tó mú mi wá ló gbà á.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 lòdì sí ohun tẹ́ ẹ kọ yìí. Ọmọ ló ń tọ́ ọmọ yín. Ẹ rán an nílé ìwé.

Àǹtí_Jẹ́léósinmi | 1:15 ọ̀sán

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Èmi ni mo ni irú ibi tí Màmá Anú ń sọ, kì í ṣe èyí tó lọ o, ti èmi wà l'Ábẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ n ṣí ìwé owó mi fún yín.

Ọmọ mẹ́jọ ni mò ń gbà, ₦30,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦240,000 nìyẹn nígbà tí gbogbo wọn bá san, wọn kì í sì í san pé. Òṣìṣẹ́ méjì, ₦70,000 ₦70,000, ìyẹn ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, mi ò sì fẹ́ san ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. ₦100,000 ló kù. Nínú rẹ̀ la ti ń san owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, omi, ọṣẹ, gáàsì, àti owó pátákó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń wá gbà bí ẹni pé bíà ni mò ń tà. Lóṣù tó dáa, ₦20,000 ń ṣẹ́ kù fún èmi. Ẹni tó ń gba ₦18,000 lórí ọmọ kan, ẹ ò nílò kí wọ́n sọ fún yín bó ṣe ń rí i ṣe. Ọmọ tó bá sùn kò nílò òṣìṣẹ́.

Mi ò gbè é lẹ́sẹ̀ o. Mo kàn ń sọ bí ọjà náà ṣe rí ni.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham | 2:50 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má rò pé ibí dùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní England, gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀. Láti 2017, bí òbí bá ń ṣiṣẹ́, ó di 30. Ní oṣù Kẹta 2023, Jeremy Hunt tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà kéde pé àwọn máa mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní àkàsọ̀ àkàsọ̀ ní 2024, ó sì pé wákàtí 30 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Kí ó tó dé, ohun tí mò ń san fún àkọ́bí mi ju owó yàrá tá à ń gbé lọ. Èmi àti ọkọ mi wá pín ara wa: òun ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ń ṣe ti ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kí ara wa, a ó gbọ́mọ fún ara wa bíi baton.

Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún ni owó ìjọba yẹn dé. Nọ́sìrì á tún ní ẹ mú owó oúnjẹ wá, ẹ mú owó nápì wá, torí wọ́n ní ohun tí ìjọba ń san kò tó. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá sì wà lórí físà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìlú, wákàtí 30 kò kàn yín, àfi 15 ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn ará wa tó ń tọ́jú bàbá àti ìyá àgbà àwọn òyìnbó, tó ń san owó orí lóṣooṣù, wọ́n ń sanwó nọ́sìrì ọmọ ẹlòmíì, tiwọn kò wọlé.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn: bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún méjì, òṣìṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ mú ju ọmọ mẹ́ta lọ. Wọ́n ń yọjú wá wò ó.

Ọmọ_Kent_67 | 3:34 ọ̀sán

Àbẹ̀kẹ́ mú mi rántí nǹkan. Ẹ dárí jì mí bí Yorùbá mi bá wọ́, àgbà ni mí kí n tó kọ́ ọ.

Bàbá mi ń ka ìwé òfin ní London, ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1967 tí wọ́n bí mi, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé ọmọ sí tówó wọn ká. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á polówó ọmọ nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nursery World, wọ́n á gbé e fún ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex, wọ́n á máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ. Mo pé ọmọ ọdún méje kí wọ́n tó wá mú mi. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ gèlè, ó ń sunkún, mo sá sẹ́yìn ẹni tí mo mọ̀ sí ìyá mi.

Ìyá mi ò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ yìí rí títí ó fi kú. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ wa. Wọn ò rí ibi gbé wa sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni.

Tòkunbọ̀_Aríwísí | 4:20 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo ẹ̀ ti yé mi, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ìjọba wo? Àwọn tó jẹ owó oúnjẹ ọmọ ilé ìwé? Wọ́n á kọ́ ilé kan, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á fi fọ́tò gómìnà sára rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbẹ̀.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Tòkunbọ̀ ọmọ mi, mo ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, jẹ́ n bá ọ sọ̀rọ̀.

January 1955 ni mo wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo ohun tó o sọ yìí ni wọ́n sọ fún Awólọ́wọ̀. Wọ́n ní owó ò tó, wọ́n ní tíṣà ò sí, wọ́n ní ta ni yóò máa bá wa ṣán oko. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí lé e, inú àwọn bàbá wa kò dùn rárá. Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ló borí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn níbí nínú ìbò àpapọ̀ 1954, owó orí yẹn sì wà lára ohun tó fà á. Awókọ́yà tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ti gbé ètò náà kalẹ̀ láti 1952, wọn kò sì yí i padà. Ọmọ tó wà nílé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí 811,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ó dára tó? Rárá o. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò la jókòó sí, bí òjò bá dé a ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà mi ò kàwé ju Standard Six lọ, a sì lé ní àádọ́ta nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo jókòó. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ní ọdún mẹ́ta ládùúgbò wa, púpọ̀ nínú wọn ò jókòó rí.

Mo fẹ́ kó o ṣàkíyèsí ohun kan: ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó kéré sí i, ilé lẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ wà nígbà náà. Ìyá Àgbà Ẹlẹ́lùbọ́ ti sọ ẹni tí í ṣe.

Òṣìṣẹ́_Sẹkitéríàtì | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mi ò ní sọ ọ́fíìsì tí mo wà, ṣùgbọ́n ìwé òfin wà lọ́wọ́ mi. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ka ìtọ́jú ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó wà níbẹ̀ ní dúdú. Ẹ wá ka Ìlànà Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 2013: ọmọ ọdún márùn-ún ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ọdún kan péré kó tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún mẹ́rin, wọ́n kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ aládàáni àti àwọn tó ń bójú tó ìdàgbàsókè àwùjọ. Aládàáni yẹn ni obìnrin ẹ̀yìn ilé epo.

Ti owó náà, owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, wà ní Àbújá. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá kó tó lè gba tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í lọ gbà á lásìkò.

Màmá Anú, fún ìwọ: Òfin Iṣẹ́ ní kí ọ̀gá yín fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àsìkò iṣẹ́. Òfin kan náà ló fún ọ ní ọ̀sẹ̀ 12 yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ti ń gba oṣù mẹ́fà láti 2014 lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, bàbá sì ń gba ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò sí nínú ìyẹn.

Àǹtí_Jẹ́léósinmi | 7:10 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mẹ́ta sí òṣìṣẹ́ kan! Mo ṣírò rẹ̀. ₦70,000 pín sọ́nà mẹ́ta, ₦23,333 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún owó òṣìṣẹ́ nìkan, n kò tíì ra ọṣẹ. Bí mo bá fi ilé àti epo sí i, ó di ₦40,000 ó lé. Màmá Anú tó ń gba ₦82,000 kò lè san án. Bí mo bá sì gé owó òṣìṣẹ́ mi kí Màmá Anú lè san, ta ni yóò tọ́jú ọmọ tí òṣìṣẹ́ mi náà bí? Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò rí ọ̀nà tí ìyá nìkan lè gbà gbé e. Ẹlẹ́kẹta gbọ́dọ̀ bá a gbé e.

Bàbá_Ṣadé | 8:25 alẹ́

Ìyá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ti ọ̀já tẹ́ ẹ fi so ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀.

Mo ṣì ń béèrè owó ta ni o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ká fi gómìnà sílẹ̀.

ÌyáÀgbà_Ẹlẹ́lùbọ́ | 8:52 alẹ́

Ẹ dìde, ọkọ mi. Owó ta ni? Owó wa ni! Ojoojúmọ́ ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì ₦200. Ká ní ìsọ̀ ẹgbẹ̀rún kan ló wà lọ́jà kan, ₦200,000 nìyẹn lójúmọ́. Ọmọ yìí fi fóònù ṣírò rẹ̀ fún mi, ó ní ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mílíọ̀nù márùn-ún ó lé igba ẹgbẹ̀rún náírà ni. Òṣìṣẹ́ ogún, ₦80,000 ₦80,000, kò tó mílíọ̀nù méjì. Kí wọ́n ya ìsọ̀ mẹ́fà sọ́tọ̀ lápá ibi tí ọkọ̀ kì í dé, kí wọ́n fi omi sí i, kí wọ́n gba obìnrin tó mọṣẹ́ síbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ máa yà wò wọ́n. Kí wọ́n má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ pátá o. Èmi á san ₦300 lójúmọ́, torí ohun tí mo bá sanwó sí ni mo lè lọ bá wọn jà lé lórí.

Tòkunbọ̀_Aríwísí | 9:15 alẹ́

Ṣé ẹni tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ ń fún yín ní rìsíìtì, Ìyá?

ÌyáÀgbà_Ẹlẹ́lùbọ́ | 9:21 alẹ́

Àpò kan kún fún un nílé. Mi ò ju ọ̀kan nù rí.

ÌyáAnú_Ìbàdàn | Ọjọ́rú, 4:34 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ ìwé òfin tí Òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì sọ jáde, mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, pé òun á ro ó. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ń fọ́mọ lọ́mú ti ní àwọn náà á buwọ́ lù ú.

Mo ti mú Anú kúrò lẹ́yìn ilé epo. Àjọ ni mo kó láìtíì kàn mí kí n lè san ₦35,000 ti òmíràn, torí náà ẹ má bi mí ohun tá a máa jẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà, mo mọ ìsọ̀ yín, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú àpò rìsíìtì yẹn wá.

Mo fẹ́ kọ sí i, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, ₦500 sì ni fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èèyàn bá fi pẹ́. Mò ń sáré lọ gbé ọmọ.